Ṣíṣí, Títú àti Lílà: Ìtàn Kọ̀ǹpútà Alápapọ̀ àti Àtúnṣe Rẹ̀ ní Kumasi

Èdè Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo dárúkọ gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dé inú ohun tí ó wà ní pípadé. A ń ṣí ilẹ̀kùn, a ń tú ẹrù, a ń la igi, a sì ń fọ́ ẹyin. Bí a bá fara balẹ̀ wo àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, a ó rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Ohun tí a ṣí, a lè tì í. Ohun tí a tú, a lè dì í. Ṣùgbọ́n igi tí a là àti ẹyin tí a fọ́, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó dá wọn padà sí ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. A lè lẹ igi náà pọ̀, ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí, láti fi wo ìtàn ẹ̀rọ kan tí ó ti wọ ilé àti ọ́fíìsì wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà alápapọ̀, èyí tí ojú rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ àti ibi tí ó ń kó nǹkan pamọ́ sí wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Nígbà tí eruku bá kún inú rẹ̀, tàbí tí a bá fẹ́ fi ẹ̀yà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, èwo nínú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin náà ni a ó lò fún un?

Santasi ni ìbéèrè yìí ti dé bá mi. Àdúgbò kan ni ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kumasi, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Opoku Ware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, wà. Iṣẹ́ èdè ni ó gbé mi dé ìlú náà. Mo ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà kan sílẹ̀, àwọn tí òbí wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin wá ṣòwò ní ilẹ̀ Asante. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá tí ó di ẹrù wọn nígbà náà kò níye. Àwọn tí ó kù, àti àwọn tí ó padà wá lẹ́yìn náà, ni mo ń tọ̀ lọ, nítorí Yorùbá ẹnu wọn ti gba ọ̀rọ̀ Twi mọ́ra ní ọ̀nà tí a kò lè rí ní ibòmíràn. Ohùn wọn ló wà nínú kọ̀ǹpútà alápapọ̀ mi nígbà tí dísìkì inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́, tí ẹ̀rọ náà sì ń gbóná. N kò tí ì ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn sí ibòmíràn. Ẹ̀bi mi ni, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Nínú àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀, ẹni mẹ́ta ti jáde láyé.

Kumasi kì í ṣe ìlú tí ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ń dẹ́rù bà. Ní ìhà àríwá rẹ̀ ni Suame Magazine wà, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe ti gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn: ibi tí àwọn ológun ìjọba amúnisìn ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ni a ń pè ní Magazine; àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣù jọ sí ẹ̀bá rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ṣí lọ sí Suame, wọ́n gbé orúkọ náà dání. Lónìí, bí ará Gánà bá ní òun ń gbé ọkọ̀ lọ sí Magazine, kò sí ẹni tí ó ń ronú ìbọn. Ní 1972, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Kumasi, èyí tí a mọ̀ sí KNUST, dá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn tí kò ka ìwé ẹ̀rọ rí ń ṣí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń tò ó padà. Ọ̀rọ̀ Twi fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni *siesie*. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti àpètúnpè, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbọ́dọ̀ ṣe é kí ó tó pé. Àwa náà ń sọ pé a *tún* nǹkan *ṣe*, a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Èdè méjèèjì gbà pé àtúnṣe kì í parí síbi tí a ti rí ohun tí ó bàjẹ́. Ó di ìgbà tí nǹkan náà bá padà sí odindi.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà alápapọ̀ ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1977, ilé-iṣẹ́ Commodore ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PET. Ojú rẹ̀, bọ́tìnì ìtẹ̀wé rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ wà lára kan náà. Bí a bá tú sukúrù rẹ̀, orí rẹ̀ á ṣí sókè bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ọ̀pá irin kan sì wà nínú rẹ̀ tí a ó fi tì í dúró, gẹ́lẹ́ bí ti ọkọ̀. Mẹkáníìkì Suame kankan kò ní béèrè bí a ti ń ṣí i. Ẹ̀rọ ṣíṣí ni PET.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24, oṣù kìíní, 1984, Apple gbé Macintosh jáde. Alápapọ̀ ni òun náà, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ yàtọ̀. Wọn kò fẹ́ kí oníbàárà dé inú rẹ̀. Sukúrù tí ó dè é jẹ́ olórí ìràwọ̀, méjì nínú wọn sì wà nínú ihò jíjìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé sukudíráfà ọlọ́wọ́ gígùn nìkan ló lè dé ibẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí i bí ayàwòrán ti ń fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀, wọ́n sì tẹ orúkọ wọn sí inú àpótí náà, níbi tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rí irin tí ó yẹ lè tú u, kí ó sì tún un dè láìsí àpá. Ẹ̀rọ títú ni.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ síwá sẹ́yìn. iMac àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1998, ní ojú onígíláàsì nínípọn bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Iná tí ó ń kù sí ìdí irú ojú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa á lè ṣe ènìyàn léṣe púpọ̀, nítorí náà ìkìlọ̀ pé kí a má ṣí i kì í ṣe àríkọ́wọ́. Ní 2004, iMac G5 dé. Bí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí aṣọ, tí a tú sukúrù mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á gbé kúrò, Apple fúnra rẹ̀ sì kọ́ àwọn oníbàárà bí wọn yóò ṣe pààrọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú rẹ̀. Kò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n fi ṣe òmíràn tí a kò lè gbà láti ẹ̀yìn wọ̀ mọ́. Ní 2007, wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì mú gíláàsì iwájú dúró. A ń fi rọ́bà tí ń fa nǹkan mọ́ra gbé e kúrò, a sì ń dá a padà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí kò bá ti sí ìtẹ̀ka tàbí eruku lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìparí 2012 ni gọ́ọ̀mù dé. Wọ́n mú kí etí iMac tín-ínrín tó mìlímítà 5, wọ́n lẹ gíláàsì àti ojú rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Èyí tí ó tóbi, tí ó jẹ́ íńṣì 27, ṣì ní ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn tí a lè gbà fi mẹ́mọ̀rì kún un. Ti íńṣì 21.5 kò ní in. Ibí yìí ni ṣíṣí àti títú parí sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ *la* á.

Ní Kumasi, wíwọ inú ẹ̀rọ kì í ṣe eré. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sahara wá bá wa. Atẹ́gùn tí fáànù ń fà wọlé láti fi tu ẹ̀rọ lára ni ó ń gbé eruku náà wọlé, tí ó sì ń tò ó jọ sí ibi tí ooru yẹ kí ó ti jáde. Ní àwọn ọdún tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, láti 2012 títí di 2016, tí àwọn ará Gánà pè ní *dumsor*, pípa òjijì tún kún un, ohun tí dísìkì tí ń yí kò fẹ́ràn. Ní àfikún, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí; wọ́n ti lo ọdún púpọ̀ ní òkè òkun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀ràn kan náà ni ẹ ó bá ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. A ó yọ wáyà iná, a ó sì dúró kí iná tí ó kù nínú rẹ̀ lọ. A ó fi ohun tí ó rí bíi kẹ̀kẹ́ kékeré, tí a fi ike ṣe, gé gọ́ọ̀mù láti etí òsì, yí orí ká, dé etí ọ̀tún. A kò gbọ́dọ̀ kánjú gbé ojú náà sókè, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ inú. Nígbà tí a bá dé inú, iṣẹ́ rọrùn: a ó gbọn eruku, a ó yọ dísìkì tí ń yí, a ó fi èyí tí kò ní ohun tí ń yí nínú rọ́pò rẹ̀. Dídì ni iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ bó gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò tán pátápátá, kí a fi ọtí ìfọ̀nǹkan nu ojú ibẹ̀, kí a tó lẹ tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni téèpù náà ń ṣiṣẹ́. Bí a bá dì í tán tí a rí i pé wáyà kan kò wọlé dáadáa, àfi kí a tún un là, kí a sì wá téèpù mìíràn. Bí a bá fi téèpù tí ó nípọn jù dì í, àlàfo á wà, eruku á tún gba ibẹ̀ padà.

Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Gọ́ọ̀mù jẹ́ kí ẹ̀rọ fúyẹ́, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó lẹ́wà lójú, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì wà tí kò ní fẹ́ ṣí i láé. N kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a ti sọ yìí fi hàn pé kò sí òfin ẹ̀dá kan tí ó ní kí kọ̀ǹpútà alápapọ̀ di ẹyin. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe èyí tí sukúrù mẹ́ta ń ṣí, òun náà ni ó ṣe èyí tí a ń là. Yíyàn ni. Nígbà tí iMac tuntun dé ní 2021, wọ́n ti fi mẹ́mọ̀rì mọ́ ara ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì ti jó ibi ìpamọ́ rẹ̀ mọ́ pákó inú. Ẹni tí ó bá la ìyẹn lè gbá eruku. Kò lè fi ohunkóhun kún un.

Àwọn kan ti ń béèrè pé kí yíyàn náà yí padà. Ní oṣù kẹrin 2022, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀yà àti irinṣẹ́ fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, láti orí iPhone. Ní ìparí ọdún náà, ìpínlẹ̀ New York fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe. Òfin Gánà lórí ìdọ̀tí olóró àti ti ẹ̀rọ, Òfin 917 ti 2016, bu owó lé ẹ̀rọ tí a ń kó wọlé kí a lè rí owó tọ́jú òkú wọn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò lè dì padà máa ń tètè di òkú, ẹni tí ó sì rà á ni ó ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó la ẹ̀rọ mi ní Santasi kò gbọ́ nípa òfin New York. Ó ti ṣe ẹ̀dà dísìkì náà sórí tuntun, ó ti gbọn eruku, ó sì ti fi téèpù bébà mú ojú ẹ̀rọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ tàn. Mo ní kí ó dì í. Ó mi orí. Ó ní, "Prof, bí mo bá dì í, ó parí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Mo ṣí fáìlì àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bà. Ìyá àgbà kan ni, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó ti lọ, tí ó ń ka iye owó iṣu fún mi, tí ó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, tí ó fi Twi parí. A gbọ́ ọ dópin. A gbọ́ èkejì àti ẹ̀kẹta. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Àwọn ohùn yìí kò fọ́. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà nu etí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ó bó bébà ẹ̀yìn téèpù náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi mú. Kí n tó kúrò ní Kumasi, mo ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà méjì.