Àwọn Ará Montgomery Tí Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Rìn Fún Ọjọ́ 381

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè ńlá, ogun àti àwọn balógun ni a sábà máa ń kà nípa wọn, ọba tí ó jẹ àti ọba tí ó wàjà. Ṣùgbọ́n àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn wà tí kò sí ìbọn tàbí idà lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe wọ́n, síbẹ̀ tí wọ́n tún ìlú ṣe ju bí ogun ti lè tún un ṣe lọ. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìlú tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni Montgomery, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alabama ní apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1955, ó sì parí ní oṣù Kejìlá ọdún 1956. Àwọn tí ó ṣe é kì í ṣe ọmọ-ogun. Alásè ni wọ́n, alágbàfọ̀, olùkọ́, aránṣọ, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníwàásù.

Kí ìtàn náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ti rí ní ìlú náà. Ní ọdún 1865 ni a fi òpin sí òwò ẹrú àti ìsìnrú ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ṣe àwọn òfin tí ó ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun: ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀, ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ omi mímu ọ̀tọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì Montgomery, ìjókòó 10 tí ó wà níwájú jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun. Bí àwọn ìjókòó wọ̀nyí tilẹ̀ ṣófo, tí arúgbó dúdú sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Nígbà púpọ̀, ẹni dúdú a san owó fún awakọ̀ níwájú, a sì sọ fún un pé kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó lọ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà náà, awakọ̀ ti wa ọkọ̀ lọ, owó rẹ̀ sì ti bá ọkọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nínú ẹni mẹ́rin tí ń wọ bọ́ọ̀sì wọ̀nyí, bí ẹni mẹ́ta ni ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Owó wọn ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà fi ń jẹun, síbẹ̀ àwọn náà ni a ń lé dìde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ó bẹ́ sílẹ̀ lójijì: pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rẹ aránṣọ kan, ó kọ̀ láti dìde, ìlú sì dàrú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954, Jo Ann Robinson, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Alabama State, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí ń jẹ́ Women's Political Council, ti kọ̀wé sí W. A. Gayle, olórí ìlú náà. Ó kìlọ̀ fún un pé bí a kò bá tún ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe, àwọn ènìyàn dúdú yóò yọwọ́ kúrò nínú wíwọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1955, Claudette Colvin, ọmọbìnrin ọlọ́dún 15, kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun. Àwọn ọlọ́pàá sì wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé. Àwọn àgbà gba ọ̀rọ̀ náà rò, wọ́n sì wí pé ọmọdé ni, kò ní lè ru ẹrù ẹjọ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró.

Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955, Rosa Parks, ẹni ọdún 42, ń ti ibi iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀ bọ̀ wá sí ilé. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ NAACP ní ìlú náà, ó sì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Highlander ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ti máa bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Kò tilẹ̀ jókòó sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun. Àárín ni ó jókòó sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iwájú kún, awakọ̀ pàṣẹ pé kí ẹni dúdú mẹ́rin dìde nítorí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́ta dìde. Rosa Parks kò dìde. Wọ́n mú un. E. D. Nixon, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí ó sì jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ará ìlú, ni ó lọ gba onídùúró rẹ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò aláwọ̀ funfun kan, Clifford Durr, àti Virginia ìyàwó rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, Jo Ann Robinson kò sùn. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ni, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ díẹ̀ sì fi ẹ̀rọ tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé jáde títí ilẹ̀ fi mọ́, tí wọ́n fi sọ fún gbogbo ènìyàn dúdú pé kí wọ́n má ṣe wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn bọ́ọ̀sì ń kọjá lófìfo ní àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú. Ní òwúrọ̀ náà ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn dọ́là 10 lé Rosa Parks, àti dọ́là 4 fún ìnáwó ẹjọ́. Ní ọ̀sán, àwọn aṣáájú dá ẹgbẹ́ Montgomery Improvement Association sílẹ̀, wọ́n sì fi Martin Luther King ṣe olórí rẹ̀. Ọmọ ọdún 26 péré ni, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Dexter Avenue. Ní alẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí ilé ìsìn Holt Street, ọ̀pọ̀ wọn sì dúró síta nítorí pé inú kò gbà wọ́n mọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ohùn ṣọ̀kan pé ohun tí a ṣe ní ọjọ́ kan, àwọn yóò máa ṣe é lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ti kéré tó. Wọn kò tíì wí pé kí a pa òfin ìyàsọ́tọ̀ rẹ́. Wọ́n bèèrè pé kí awakọ̀ máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn; pé kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jókòó, kí ẹni dúdú bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ láti iwájú; àti pé kí a gba ènìyàn dúdú síṣẹ́ awakọ̀ ní àwọn ọ̀nà tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Àwọn aláṣẹ ìlú àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ náà ni ó sọ ohun kékeré di ohun ńlá.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ti máa dé ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láìwọ bọ́ọ̀sì? Níbí ni ọgbọ́n wọn ti hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ takisí tí wọ́n jẹ́ ènìyàn dúdú ń gba sẹ́ǹtì 10 péré lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí owó bọ́ọ̀sì. Nígbà tí àwọn aláṣẹ fi òfin dí wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn ará Baton Rouge ní ìpínlẹ̀ Louisiana, tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1953, wọ́n sì kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí ó ní mọ́tò yọ̀ǹda rẹ̀, títí ó fi tó nǹkan bí 300; a yan ibi tí wọn yóò ti máa gbé ènìyàn ní òwúrọ̀ àti ibi tí wọn yóò ti máa kó wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìjọ náà ra ọkọ̀ kún un. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, nínú òjò àti nínú òtútù, ẹlòmíràn ní máìlì púpọ̀ ní àlọ àti àbọ̀.

Owó epo àti owó àtúnṣe ọkọ̀ kì í ṣe kékeré. A kò gbọdọ̀ gbàgbé Georgia Gilmore, alásè tí ó kó àwọn obìnrin jọ láti máa se oúnjẹ àti láti máa ṣe àkàrà òyìnbó tà, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ nínú ilé àwọn aláwọ̀ funfun, wọn kò fẹ́ kí a mọ orúkọ wọn. Nítorí náà, bí a bá bèèrè ibi tí owó náà ti wá, ìdáhùn wọn ni pé kò ti ibì kankan wá. Orúkọ tí ẹgbẹ́ wọn sì ń jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Georgia Gilmore jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ lórí ìwà àwọn awakọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ ka iná nínú ilé ara rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Àwọn ọ̀tá wọn kò sùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1956, a ju bọ́ǹbù sí ilé King nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wà nínú ilé. Kò pa wọ́n lára. Àwọn ènìyàn dúdú kó ara wọn jọ síwájú ilé náà pẹ̀lú ìbínú, àwọn kan nínú wọn sì mú ohun ìjà lọ́wọ́. King jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó fọ́, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ohun ìjà wọn padà sílé, wọ́n sì gbọ́. Ó dá wa lójú pé bí a bá yin ìbọn kan ṣoṣo ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìtàn tí à ń sọ yìí ì bá yí padà. Ní oṣù Kejì, àwọn aláṣẹ fi ẹ̀sùn kan ènìyàn 89 lábẹ́ òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1921. Dípò kí wọ́n sá, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ aṣọ tí ó dára, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀wọ̀n tí ó jẹ́ ohun ẹ̀rù fún àwọn baba wọn kò dẹ́rù bà wọ́n mọ́.

Ní àkókò yìí kan náà, agbẹjọ́rò Fred Gray ti pe ẹjọ́ mìíràn ní orúkọ àwọn obìnrin mẹ́rin: Aurelia Browder, Susie McDonald, Mary Louise Smith àti Claudette Colvin, ọmọdé tí a ti wí pé kò lè ru ẹrù náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1956, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta dá wọn láre. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ìdájọ́ náà. Ìwé àṣẹ dé Montgomery ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ 381, àwọn ènìyàn dúdú wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì jókòó sí ibi tí ó wù wọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé bí ó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ni ó borí, kí ni ìwúlò gbogbo ìrìn náà? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Òtítọ́ ni pé ìrìn nìkan kò pa òfin náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954, ilé ẹjọ́ kan náà ti dájọ́ pé kí a má ṣe ya àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù kọ etí dídi sí i fún ọdún púpọ̀. Ìdájọ́ tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn a máa sùn sínú ìwé. Ní Montgomery, àwọn tí yóò lo ìdájọ́ náà ti wà ní ìṣọ̀kan kí ó tó dé. Wọ́n ti mọ ara wọn, wọ́n sì ti ń péjọ nínú ilé ìsìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti kọ́ bí wọn yóò ti máa fara da èébú láìdá èébú padà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: ilé ẹjọ́ jẹ́ ọwọ́ kan, ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú sì jẹ́ èkejì.

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayọ̀ nìkan ni ó tẹ̀lé e. A yìnbọn sí bọ́ọ̀sì; ní oṣù Kìíní ọdún 1957, a ju bọ́ǹbù sí ilé ìsìn mẹ́rin ní òru kan. Rosa Parks ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1957, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Detroit. Ní ti Claudette Colvin, ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ tó pa àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn rẹ̀ rẹ́, nígbà tí ó ti di ìyá àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí: ẹni tí ó gbin igi kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irúgbìn náà tàn kálẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jókòó síbi ìjẹun nínú ilé ìtajà Woolworth ní Greensboro, ìpínlẹ̀ North Carolina, níbi tí a kì í ti í fún ẹni dúdú ní oúnjẹ. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni, wọn kò sì dìde títí a fi ti ilé ìtajà náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, a bẹ̀rẹ̀ sí fún ènìyàn dúdú ní oúnjẹ níbẹ̀. Ní Nashville, lẹ́yìn tí a ju bọ́ǹbù sí ilé agbẹjọ́rò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn ní ìdákẹ́jẹ́ lọ sí ilé ìjọba ìlú. Ọmọbìnrin kan, Diane Nash, bi olórí ìlú léèrè ní ojú gbogbo ènìyàn bóyá ó tọ́ kí a ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn pé kò tọ́. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn ilé ìtajà fi ṣí ibi ìjẹun wọn fún gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, King fúnra rẹ̀ wá sí Èkó, nígbà tí a ń fi Nnamdi Azikiwe jẹ Gómìnà-Gbogbogbòò ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

Ohun tí àwa rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé ìwà àlàáfíà kì í ṣe ìwà ojo, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni. Ó gba ìwé títẹ̀ ní òru, ó gba àkàrà títà, ó gba kí ẹni tí ó ní mọ́tò jí ní kùtùkùtù láti gbé ẹni tí kò ní, ó sì gba kí ẹni tí inú ń bí gbé ohun ìjà rẹ̀ padà sílé. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ orúkọ King, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí Jo Ann Robinson pẹ̀lú, àti Georgia Gilmore, àti ọmọdé ọlọ́dún 15 nì, àti ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan, tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí bọ́ọ̀sì sì ń kọjá lára wọn.