Ọ̀tún Ni Ká Mú
Lọ́dún 1919, Fúnmiláyọ̀ Thomas, ọmọ Abẹ́òkúta tó di Ransome-Kuti lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kàwé nílùú Ọba. Ká ní àwa ni, yàrá apá wo la ò bá gbà? Ọ̀tún ni o! Ẹ ṣí Google Maps wò. Bí ọkọ̀ bá kúrò l'Ékòó, ìwọ̀-oòrùn ló ń kọ́kọ́ dorí kọ: ilẹ̀ wà lọ́tùn-ún, agbami lósì. Tó bá kọjá Dakar, tó yí sí àríwá, apá òsì ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa yan lójú. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá ọkọ̀ ojú omi nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bọ̀ lọ́dún 1922, òsì ló dáa: ibẹ̀ ni etíkun ilẹ̀ wa máa wà, títí Èkó á fi yọ.