Gbèsè Olùwádìí: Àwọn Ọmọ Inú Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀

Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìwádìí nípa òye àti ìhùwàsí ọmọdé ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn onímọ̀ a máa tọ́ka sí èsì rẹ̀ láti fi gbe ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí lẹ́sẹ̀. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ẹ̀tọ́ tí àwọn ọmọ tí a fi ṣe é ní lọ́wọ́ olùwádìí. Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni Ibùdó Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ṣe ìrànlọ́wọ́ owó. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn kíláàsì ìdánrawò ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ àkànṣe ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Kíláàsì ìfiwéra lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn èyí tí ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí àṣà ilé-ìwé ìgbà náà.

Ìlànà Nuremberg ti ọdún 1947 àti Ìkéde Helsinki ti ọdún 1964 ti fi ìyọ̀ǹda ṣe kókó, ṣùgbọ́n ìwádìí ìṣègùn ni wọ́n dá lé. Ọdún 2007 ni Nàìjíríà tó ní ìwé ìlànà ìwà tí ó tọ́ nínú ìwádìí ìlera. Nítorí náà, ní ọdún 1970, ọwọ́ olùwádìí gan-an ni ààbò ọmọ pọ̀ sí jù.

Ewu náà kì í ṣe kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè gbọ́ ìtumọ̀ ìwádìí débi tí yóò fi yọ̀ǹda ara rẹ̀. Òbí ni ó ń gbà fún un. Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀nà àtiwọ ilé-ìwé girama. Bí ètò náà bá kùnà, kò sí ẹni tí ó lè dá ọdún mẹ́fà padà fún ọmọ. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: láti inú èrò yìí ni a fi lè rí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà bí ààbò, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni.

Èsì tí ó jáde fi hàn pé àwọn kíláàsì ìdánrawò ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ọmọ kíláàsì ìfiwéra, tí ẹnikẹ́ni kò fi ewu wọ́n lọ́nà, ni wọn kò rí àǹfààní. A kò lè dá olùwádìí lẹ́bi, nítorí ó ṣì ń wá ohun tí ó di mímọ̀ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n bí ó ti di mímọ̀ ni gbèsè ti wà nílẹ̀: kí a fi èsì náà ṣe àwọn ọmọ mìíràn lóore.

Gbèsè náà kò tíì tán. Ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1977 fi èdè abínibí sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 2025 a tún wọ́gi lé e. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda àti ààbò nìkan kò tó láti fi díwọ̀n ìwà olùwádìí àti ìjọba. Ó yẹ kí a tún bèèrè ohun tí a fi ìmọ̀ tí ó ti ara àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde ṣe.