Ìlù Tí Ń Dá Gìtá Lóhùn: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Bill Ward, Onílù Ẹgbẹ́ Black Sabbath

Bí a bá gbé àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Black Sabbath ti ìlú Birmingham ṣe jáde ní ọdún 1970 síwájú àgbàlagbà kan tí ó mọ ohun tí ìyáàlù ń sọ yàtọ̀ sí èyí tí omele ń sọ, ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ di etí, nítorí gìtá inú rẹ̀ ń han bí irin tí a ń wọ́ lórí òkúta, ohùn akọrin rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí iwin ń lé bọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ní sùúrù tí ó jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀ ní etí rẹ̀, tí ó wá fi ọkàn sí onílù nìkan, kò ní pẹ́ tí yóò fi mi orí tí yóò ní, “Ọmọkùnrin yìí mà ń dáhùn o!” Ìdáhùn tí ó gbọ́ yẹn ni mo fẹ́ tú wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Onílù tí à ń wí ni William Thomas Ward, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bill Ward, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí ó da ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tí ń kọ ìtàn orin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní heavy metal, èyí tí èmi yóò máa pè ní orin irin, a máa gbé gbogbo adé lé Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ náà, lórí, wọn a sì fi onílù sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tí ó kàn ń bá wọn ka àkókò. N kò ní ṣí adé lórí Iommi, nítorí a kì í fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ du oníṣẹ́. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀rọ̀ ni gìtá yẹn ń sọ, àti pé ọ̀rọ̀ kì í dùn bí kò bá sí ẹni tí ń gbè é.

Ọjọ́ 5 oṣù Kárùn-ún ọdún 1948 ni a bí Ward ní Aston, àdúgbò kan ní Birmingham, ní ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwókù ilé tí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì wó ṣì wà káàkiri, tí àwọn ọmọdé sọ ọ́ di pápá eré. Birmingham, ìlú alágbẹ̀dẹ, arọ-ìbọn-rọ-kẹ̀kẹ́-rọ-mọ́tò, ìlú tí òòlù ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí òru rẹ̀ dákẹ́; ẹni tí a bá bí síbẹ̀, kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ ni ó ti mọ bí irin ṣe ń dún lórí irin. Kì í ṣe ọmọ Àyàn, kò sì sí bàbá àgbà kan tí ó fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀ fún un. Ohun tí ó jogún ni àwo orin àwọn ẹgbẹ́ jáàsì ńláńlá ti Amẹ́ríkà, àwọn tí fèrè àti kàkàkí wọn tó méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí onílù wọn sì jókòó sí àárín bí ọba. Ó fi etí mu ìlù Gene Krupa, ti Buddy Rich àti ti Louie Bellson. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀ ó tún gbọ́ Joe Morello, ó sì gbọ́ Ringo Starr ti ẹgbẹ́ Beatles. Kí a má gbàgbé pé ọwọ́ àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni jáàsì ti wá, àti pé àárín wọn, ní New Orleans àti àyíká rẹ̀, ni ó ti di àṣà kí ẹnì kan ṣoṣo máa fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì lu ohun tí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń lù tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá wá gbọ́ ohun kan nínú ìlù òyìnbó Aston yìí tí ó fẹ́ jọ ti ilé, ẹ má rò pé etí yín ń tàn yín jẹ. Ọ̀nà ni ó jìn, orísun kò sọnù.

Mo ní láti dúró ṣe àlàyé díẹ̀ níhìn-ín. Bí onílù bá pín ìwọ̀n ìlù kan sí méjì ọgbọọgba, ẹsẹ̀ ológun ní í jọ: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ṣùgbọ́n bí ó bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, tí ó fi méjì fún lílù àkọ́kọ́ tí ó fi ẹyọ kan tí ó kù fún èkejì, ìlù náà á bẹ̀rẹ̀ sí fì, á máa mì síwá sẹ́yìn bí obìnrin tí ó ru omi láti odò tí kò sì fẹ́ kí ó dà. Swing ni àwọn oníjáàsì ń pe fífì yìí, òun ni Ward sì gbé wọ inú orin tí ó le bí òkúta. Púpọ̀ nínú àwọn onílù orin irin tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ fífì yìí sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá ilẹ̀ ní kíákíá bí ìbọn arọ̀jò-ọta. Ìyára wọn yà mí lẹ́nu, n kò ní purọ́. Ó kàn jẹ́ pé n kì í fẹ́ jó sí i.

Ward àti Iommi ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ The Rest, wọ́n sì lọ bá ẹgbẹ́ Mythology ní Carlisle ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹgbẹ́ náà tó fọ́ ní ọdún 1968. Wọ́n padà sí Birmingham, wọ́n bá Ozzy Osbourne akọrin àti Geezer Butler onígìtá olóhùn ìsàlẹ̀ pàdé, àwọn ọmọ Aston kan náà; wọ́n pe ara wọn ní Polka Tulk, wọ́n yí i padà sí Earth, nígbà tí wọ́n sì rí i pé ẹgbẹ́ mìíràn ti ń jẹ́ Earth ni wọ́n di Black Sabbath ní ọdún 1969. Iommi ti pàdánù ṣóńṣó ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí ó fi ń tẹ okùn gìtá, nínú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ irin nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe bíi ìka, ó fi awọ bò ó, ó sì ń lo okùn tí ó rọ̀ kí ó lè tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà gìtá rẹ̀ kì í sáré bí ti àwọn yòókù; ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú, ó wúwo, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín gbólóhùn kan àti èkejì. Inú àyè yẹn ni Ward kọ́ ilé sí.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba ohùn àwo àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Regent Sound ní London, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, wọ́n lù ú bí wọ́n ti ń lù ú níwájú àwọn ènìyàn, láìsí pé wọ́n ń padà tún un ṣe púpọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, 13 oṣù Kejì ọdún 1970, ni ó jáde. Nínú orin tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, gìtá sọ ohùn mẹ́ta péré, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Onílù mìíràn ì bá bẹ̀rẹ̀ sí lu ko-ko-ko kí orin má bàa sùn, ṣùgbọ́n Ward dúró dè é, ó jẹ́ kí ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lẹ́yìn náà ni ó da ìlù olóhùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gìrìgìrì bí àrá tí ń bọ̀ lókèèrè. Kò ka àkókò fún ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ gìtá ṣe sí òun lára.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ gbọ́ War Pigs, orin àkọ́kọ́ nínú àwo Paranoid tí ó jáde nínú ọdún 1970 kan náà, tí ó sì gun orí àtẹ àwo orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ipò kìn-ín-ní. Gìtá àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ á lù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á panu mọ́. Ozzy á máa kọrin nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, kò sì sí ohun mìíràn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àfi aro méjì tí Ward ń fi ẹsẹ̀ pa dé tí ó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ pá ní orí, tín-tín-tín, bí aago nínú yàrá tí a ti ń retí ìròyìn búburú. Ìgboyà ńlá ni kí ọmọ ọdún 22 tí gbogbo ayé ń pè ní aláriwo fi ohun tí ó kéré jù lọ níwájú rẹ̀ gbé orin tí ó wúwo jù lọ. Nínú àwo yìí kan náà ni Rat Salad wà, tí a fi sílẹ̀ fún ìlù láti dá sọ̀rọ̀, ìrántí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣeré lẹ́ẹ̀melòó kan lóòjọ́ ní Star-Club ní Hamburg. Planet Caravan sì wà níbẹ̀, orin pẹ̀lẹ́ kan tí Ward ti gbé ọ̀pá jù sílẹ̀ tí ó fi ọwọ́ lásán lu conga, ìlù àwọn Adúláwọ̀ ilẹ̀ Cuba.

Láti ọdún 1971 dé 1978 wọ́n ṣe àwo mẹ́fà sí i, n kò ní tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tó kí n sọ pé ohùn Ward fúnra rẹ̀ ni a gbọ́ nínú It’s Alright ní ọdún 1976, ohùn tí ó rọ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, àti pé òun ni ó kọ Swinging the Chain ní ọdún 1978. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni ọtí àti oògùn wọ ilé wọn tí wọ́n sì jókòó bí onílé. Àwàdà àárín wọn pàápàá di ewu, nítorí wọ́n a máa fi iná sí Ward lára ṣe ẹ̀fẹ̀, títí ó fi di ọjọ́ kan tí iná náà jó o ní tòótọ́ tí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì kú láàárín ìgbà díẹ̀ síra wọn, a lé Ozzy kúrò nínú ẹgbẹ́, Ronnie James Dio sì rọ́pò rẹ̀. Ward lu ìlù inú àwo Heaven and Hell ti ọdún 1980, ó sì lù ú dáadáa, ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rántí pé òun ṣe é. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, láàárín ìrìn-àjò eré ní Amẹ́ríkà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀. Vinny Appice ni ó gba ọ̀pá.

Ó padà ṣe àwo Born Again ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n kò lè bá wọn rin ìrìn-àjò tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó jáwọ́ nínú ọtí pátápátá, iṣẹ́ tí mo kà sí ńlá ju àwo èyíkéyìí tí ó ṣe lọ. Ó ṣe àwo tirẹ̀ ní ọdún 1990, èyí tí Ozzy àti Jack Bruce kọrin nínú rẹ̀, ó ṣe òmíràn ní ọdún 1997. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997 yìí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jókòó pọ̀ ní Birmingham, wọ́n sì gba ohùn eré náà sílẹ̀. Orin Iron Man tí a mú láti ibẹ̀ gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2000. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn eré náà, ní ọdún 1998, àìsàn ọkàn kọlu Ward nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbáradì. Ó sinmi, ó sì tún gbé ọ̀pá.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ọdún 2011, nígbà tí wọ́n kéde ní Los Angeles, ní ọjọ́ 11 oṣù 11, pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣe àwo tuntun. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Ward fi kéde pé òun kò ní lè bá wọn lọ bí a kò bá fún òun ní ìwé àdéhùn tí ó ṣeé fọwọ́ sí. Ozzy sọ lẹ́yìn náà pé ara Ward ni kò lè gbé iṣẹ́ náà, Ward sì takò ó ní gbangba. N kò sí níbẹ̀, n kò ní dá ẹjọ́ ilé onílé. Àwo náà, tí ń jẹ́ 13, jáde ní ọdún 2013, Brad Wilk ni ó lù ú, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọn kò tíì ṣe láti ìgbà Paranoid. Wilk lù ú láìṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, àìṣìṣe yẹn gan-an ni mo ń fi sùn: gìtá sọ̀rọ̀, ìlù bá a rìn, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí ìlù yíjú sí gìtá kí ó ní, “O ṣe wí bẹ́ẹ̀?” Àwọn tí ń bú Ward ní tiwọn kò purọ́, a máa sáré díẹ̀, a sì máa fà sẹ́yìn, aago kò lè fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kì í wo aago. Nígbà tí wọ́n ṣe eré tí wọ́n pè ní ìdágbére ní Birmingham ní oṣù Kejì ọdún 2017, Tommy Clufetos ni ó wà ní ìdí ìlù.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìlú Birmingham fi oyè ọmọ ìlú dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́lá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, wọ́n jọ ṣeré ní Villa Park, pápá bọ́ọ̀lù tí ó wà ní Aston gan-an, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2005. Ward ti di ẹni ọdún 77. Ozzy, tí àìsàn Parkinson ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, jókòó sórí ìtẹ́ dúdú kan. Orin mẹ́rin péré ni wọ́n kọ, War Pigs ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gìtá lù lẹ́ẹ̀mejì tí ó panu mọ́, aro Ward bọ́ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, tín-tín-tín, kò yára tó ti ìgbà èwe, Ozzy sì gbé ohùn lé e lórí. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn èyí ni Ozzy kú.