Àmì Ìfẹ́ láti Orí Àdìrẹ dé Orí Kánfáàsì: Iṣẹ́ Ọnà Níkẹ̀ẹ́ Okundaye

Ògìdì, ní agbègbè Ìjùmú, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́kọ́ja tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, ni a ti bí Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye ní ọdún 1951. Inú ẹbí ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ. Ní ọdún 1983, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tí ó yá, ọnà tí àwọn ìyá ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà sára aṣọ kí wọn tó rẹ ẹ́ sínú aró, òun gbé e bọ́ sórí kánfáàsì. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: báwo ni irú ọnà bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́?

Nínú iṣẹ́ ọjọ́ ogbó Marc Chagall (1887–1985), olólùfẹ́ méjì a máa fò lójú sánmà. Ojú lásán tó láti mọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún ara wọn. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àrokò, ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí. Bí mẹ́jọ bá padà wá, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ nìyẹn. Ìró ‘ẹ̀fà’ àti ‘ẹ̀jọ’ ni ó gbé ìfẹ́ dání, kì í ṣe ẹyọ owó fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni àdìrẹ. Aworan ọba àti olorì Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún àti Mary, wọ inú àdìrẹ nítorí àjọ̀dún ọdún 1935. Ọkọ àti aya ni wọ́n, síbẹ̀ Olọ́ba ni wọ́n ń pe ọnà náà: ipò ni ó ń sọ, kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọnà Súnbẹ̀bẹ̀ kò ní àwòrán ènìyàn kankan. Orúkọ rẹ̀ ni ó rán ni létí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí a sún sókè. Abẹ́ aṣọ sì ni ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ń gbé. Ọkọ ni ó tọ́ kí ó rí i lára aya. Ẹni tí ó mọ orúkọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìlà àti àmì tóótòòtó lásán ni ó rí.

Ibí yìí ni ewu wà. Kánfáàsì ń gbé ọnà àdìrẹ dé ilẹ̀ òkèèrè, kò sì jẹ́ kí ó parun. Oore ńlá ni Níkẹ̀ẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọnà lè dé ibi tí orúkọ rẹ̀ kò bá a dé, àmì ìfẹ́ a sì di ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Kíkó orúkọ ọnà jọ lẹ́nu àwọn ìyá aláró, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ayàwòrán nìkan. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni pẹ̀lú.