Ẹgbẹ́ Ilé Ìwé Kì Í Ṣe Eré Lásán: Ohun Tí Àwọn Ọmọ Sẹ́kọ́ńdírì Ṣe ní Farmville Lọ́dún 1951

Amẹ́ríkà ni ìtàn tòní ti wá. Ẹni tó bá ní ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ni, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn la ń sọ o! Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ bá wọ ilé ìwé girama ní Amẹ́ríkà, ẹ ó bá ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn, àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn ilé ìwé, àti ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ọmọ fúnra wọn dìbò yàn. Àwọn míì tiẹ̀ kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. National Honor Society, ti àwọn tó mọ̀wé, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1921. Future Farmers of America, ti àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1928. Ẹgbẹ́ máa ń ní alága, akọ̀wé àti akápò. Ẹni tó bá ní àbá á dìde sọ ọ́, ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn, wọ́n á dìbò, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè á ní eré ọmọdé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí irú ayé tí wọ́n wà. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà, òfin ló ya ilé ìwé àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn funfun, ìyàsọ́tọ̀ náà sì wọnú ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ dúdú tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ò lè bá àwọn funfun ṣe Future Farmers, New Farmers of America ni tiwọn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ìtọ́jú ilé náà ní New Homemakers of America, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945. Ọdún 1965 ni wọ́n tó da àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ ti àwọn funfun.

Ibẹ̀ la ti dé Farmville, ìlú kékeré kan ní Prince Edward County, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Robert Russa Moton High School ni ilé ìwé àwọn ọmọ dúdú níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ lọ́dún 1939 fún ọmọ 180. Nígbà tó máa fi di ọdún 1951, ọmọ tó wà níbẹ̀ ti lé ní 450. Kò sí ilé oúnjẹ, kò sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Dípò kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ilé gidi sí i, pákó ni wọ́n tò, wọ́n fi bébà tí wọ́n pa lọ́dà bò ó. Àwọn èèyàn ń fi í wé ilé adìyẹ. Bí òjò bá rọ̀, ó ń jò. Nígbà òtútù, sítóòfù ni wọ́n ń dá: ẹni tó jókòó sítòsí á máa làágùn, ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á máa gbọ̀n. Ilé ìwé àwọn funfun nílùú kan náà ní gbogbo ohun tí tiwọn ò ní.

Ọmọbìnrin kan wà ní Moton tó ń jẹ́ Barbara Johns. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó wà nínú ẹgbẹ́ eléré, ó wà nínú New Homemakers, ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ló ń gbé e lọ sí ilé ìwé míì, ibẹ̀ ló ti ń fojú ara rẹ̀ rí i pé wọn kì í jókòó sábẹ́ bébà ọ̀dà níbi gbogbo. Ó ráhùn fún tíṣà tó ń kọ́ wọn lórin. Tíṣà yẹn dá a lóhùn pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ò wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dun ọmọ náà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Àwọn òbí ò dákẹ́ o. Pásítọ̀ L. Francis Griffin ló ń ṣáájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, wọ́n sì ń lọ bá ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwé tuntun. Òní ń lọ, ọ̀la ń bọ̀, kò sí nǹkan kan. Ni Barbara bá pe àwọn tó fọkàn tán jọ lórí pápá ìṣeré. Carrie Stokes wà níbẹ̀, òun ni alága ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. John náà wà níbẹ̀, òun àti Carrie jọ jẹ́ ìbejì. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe àwọn ọmọ ìpátá ló kó jọ? Àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ti yàn, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèpàdé, tí wọ́n sì lè pa àṣírí mọ́ ni.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1951, ẹnì kan tẹ ọ̀gá ilé ìwé, Boyd Jones, láago pé àwọn ọmọ rẹ̀ kan ti kó sí wàhálà ní ibùdókọ̀. Ó sáré lọ. Kò tíì jìnnà tí ìwé pélébé fi dé gbogbo kíláàsì pé kí wọ́n wá sí gbọ̀ngàn. Lẹ́tà J tí ọ̀gá fi ń fọwọ́ síwèé wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Nígbà tí aṣọ ìtàgé ṣí, Barbara Johns ni wọ́n rí lórí pèpéle, ọmọ ọdún 16. Ó ní kí àwọn tíṣà jọ̀wọ́ jáde. Ó wá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé wọn ò ní wọ kíláàsì mọ́ títí wọ́n á fi rí ilé ìwé gidi. Wọ́n sì tẹ̀ lé e jáde.

Ẹ tún wo èyí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Barbara àti Carrie jókòó kọ lẹ́tà sí àwọn lọ́yà NAACP ní Richmond. Oliver Hill àti Spottswood Robinson wá bá wọn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ilé ìwé tuntun fún dúdú nìkan lẹ ń fẹ́, àwọn ò ní gba ẹjọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé kí ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ dópin ni, àwọn ti ṣe tán. Àwọn ọmọ àti òbí wọn gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n padà sí kíláàsì, nígbà tó sì di ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, ẹjọ́ dé kóòtù. Akẹ́kọ̀ọ́ 117 ló wà nínú rẹ̀, Dorothy Davis, ọmọ ọdún 14, ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ẹjọ́ yìí wà lára márùn-ún tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá pọ̀ sábẹ́ orúkọ Brown v. Board of Education, nínú márààrún, òun nìkan ni ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1954, ilé ẹjọ́ ní ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun nílé ìwé ìjọba lòdì sófin.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́, wọ́n sanwó rẹ̀. Wọ́n dáná sun àgbélébùú nínú ọgbà ilé ìwé náà láti dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn òbí Barbara ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Pásítọ̀ Vernon Johns, ní Montgomery. Boyd Jones pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kóòtù sì fi dandan lé e lọ́dún 1959 pé kí wọ́n da àwọn ọmọ pọ̀, Prince Edward County ti gbogbo ilé ìwé ìjọba pa pátá, kàkà kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀. Ọdún 1964 ni kóòtù tó fi agbára ṣí i padà. Àwọn funfun ti dá ilé ìwé aládàáni sílẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí nílùú míì, àwọn kan ò sì padà sí kíláàsì mọ́ láé.

Kí ni mo wá rí nínú rẹ̀? Ìyà nìkan ò kọ́ àwọn ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn 450 jáde láìsí ìjà. Ìyà pọ̀ ní Gúúsù nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ eléré ló kọ́ ẹni tó dúró lórí ìtàgé tí ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pínṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà tí lọ́yà lè kà kó sì dìde. Àwọn àgbà náà ò sì ṣe wọ́n bí ọmọdé. Tíṣà kan gbọ́ ìráhùn, pásítọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn, lọ́yà gba lẹ́tà ọmọ ilé ìwé gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun máa pẹ́ dé torí ìpàdé ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn tàbí eré orí ìtàgé, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ta sì ni tíṣà tó ń bójú tó wọn. Bí ìdáhùn bá dára, ẹ jẹ́ kó lọ. Lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ òun ni yóò bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tí kì í dá wa lóhùn.