Sẹ̀gi Ifẹ̀: ẹ gbé e sí oòrùn kí ẹ tó tà á

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ìfọ̀nyìn níhìn-ín, àti ẹ̀yin ti Ìfọ̀nyìntẹ̀dó lọ́hùn-ún! Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 pín wa sí méjì, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀ kò mọ ààlà kankan.

Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ dígí, eré rẹ̀ á dín kù, láti bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí bíi 200,000. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọ̀nà rẹ̀ á yí díẹ̀, bí igi tí a tì bọ omi ṣe máa ń dà bí ẹni pé ó kán. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí ìlẹ̀kẹ̀ dígí máa kọ mànà. Ṣùgbọ́n sẹ̀gi àtijọ́ kan tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ aró ni. Ẹ gbé e sókè kí oòrùn là á kọjá, ẹ ó rí i tó di àwọ̀ ewé. Nínú irú dígí bẹ́ẹ̀, àwọn ohun tíntìntín wà tó ń ta àwọ̀ aró padà sójú wa, tí ìyókù sì ń là á kọjá.

Ta ló ṣe é? Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú ní Igbó Olókun. Ó ní àwọn ará Atlantis ló ni ọgbọ́n Ifẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn ní dígí òkèèrè ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́.

Ní 2006, Akin Ige àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé dígí Ifẹ̀ kún fún kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù papọ̀, tí ti Lárúbáwá àti ti Yúróòpù kì í rí bẹ́ẹ̀. Abídèmí Babalọlá wá gbẹ́ Igbó Olókun láàárín 2010 sí 2012: ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí tó lé ní 800. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ dé Gao, ní ilẹ̀ Mali. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ rò pé òun ni akori tí àwọn òyìnbó ń rà ní Bìní (Bìní ti Nàìjíríà o, kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ tiwa), tí Olfert Dapper kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1668.

Oòrùn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí òyìnbó náà kó ìlẹ̀kẹ̀ aró wá lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, bí sẹ̀gi ìyá àgbà bá wà nínú àpótí yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ méjì, ọ̀kan lórí ọwọ́, ọ̀kan níwájú oòrùn, kí àwọn tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ kiri tó kan ilẹ̀kùn yín.